Níbo Ni Ó Ti Ń Jò?

Ẹni tí ó bá gbé ilé tí àmù wà rí yóò ti ṣàkíyèsí pé àmù tí omi ń sun ní ara rẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń tutù jù lọ. Bí omi ti ń là gba inú amọ̀ wá sí òde díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń sọ ọ́ di oru. Bí ó sì ti ń di oru, ooru ara omi tí ó kù nínú àmù ni ó ń gbé lọ. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí kí ilé-ìwé tó dé. Àmù tí wọ́n bá lò pẹ́, tí èérí ti dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, tí òde rẹ̀ sì gbẹ gbáúgbáú, wọn a ní kò mú omi tutù mọ́, wọn a sì fi í rọ àgbàdo. A lè wí nígbà náà pé jíjò gan-an ni iṣẹ́ àmù. Ẹ̀rọ kan wà tí ìlànà ìtutù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àmù, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí ó bá jò pẹ́nrẹ́n, kò sí ohun tí ó wúlò fún mọ́. Ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù ni mo ń wí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí iṣẹ́ wa ni. 'Ẹ̀rọ amúlétutù' ni a ń pe ti inú ilé, orúkọ náà sì ṣe déédéé: a-mú-ilé-tutù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ilé. Bí a bá fẹ́ dá ti inú ọkọ̀ mọ̀, a ní láti sọ pé a-mú-ọkọ̀-tutù, ibẹ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò yóò sì ti rí i pé ìpajẹ fáwẹ̀lì kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú 'mú ilé', fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì ni a pa jẹ, tí a fi ní 'múlé'; nínú 'mú ọkọ̀', fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni ó lọ, tí a fi ní 'mọ́kọ̀', ohùn òkè sì dúró sí àyè rẹ̀. Amọ́kọ̀tutù ni n ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Àwọn oníṣẹ́ kò ní sùúrù fún gbogbo èyí. Éèsì ni wọ́n ń pè é, gáàsì ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ìkọ̀tún ni mo ń gbé, ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá sì wà ní apá Ìgàndó. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò Alímọ̀ṣọ́ mọ ohun tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ń jẹ́ láàárín ibi méjèèjì yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Síbẹ̀, kì í ṣe tèmi ni mo ń rò. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ikọ́ fée ti ń bá wọn jà láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì máa ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndó ní oṣooṣù. Òkìtì ìdọ̀tí ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Solous kò jìnnà sí ọ̀nà náà. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, bí òjò bá rọ̀ sí i tí oòrùn sì ràn lé e, òórùn rẹ̀ ń pàdé ẹni kí ènìyàn tó dé ibẹ̀. Bí iná bá sì ràn nínú rẹ̀, èéfín a bo ojú títì. Bí a bá ṣí fèrèsé ọkọ̀, ikọ́ a gbé ìyá mi. Bí a bá tì í láìsí ìtutù, inú ọkọ̀ a di ààrò. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́ pé olùkọ́ wo ni ó ń wá afẹ́fẹ́ tútù kiri nígbà tí epo gan-an ti di góòlù. Gbẹ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Kò sí gbẹ̀fẹ́ kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà rú ni omi. Ẹlẹgbẹ́ mi kan rí omi tí ń kán tó tó tó lábẹ́ ọkọ̀ mi, ó ní, "Ẹ wò ó, ibí yìí ni éèsì yín ti ń jò." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò bẹ́ẹ̀, irọ́ sì ni. Omi yẹn kì í ṣe láti inú ẹ̀rọ. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti wá. Bí a bá gbé ìgò omi tútù jáde nínú fíríìjì tí a sì gbé e lé orí tábìlì, ara rẹ̀ a làágùn, bẹ́ẹ̀ omi inú ìgò kò dín. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kan ibi tútù tí ó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, ọ̀rinrin yìí a di omi, a sì gba inú họ́ọ̀sì kékeré kan ṣàn sí ilẹ̀. Àmì àlàáfíà ni. Ìgbà tí omi náà bá kọ̀ tí kò kán sílẹ̀ mọ́, tí ó wá ń rin kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú, ni ènìyàn tó lè sọ pé omi ń jò, nítorí ìdọ̀tí ti dí ẹnu họ́ọ̀sì nìyẹn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti ṣí i. Èyí tí ń jò tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni, ojú kì í rí i, kò ní àwọ̀, kò sì rin ilẹ̀.

Gáàsì inú amọ́kọ̀tutù ń ṣe ohun tí omi ara àmù ń ṣe, àfi pé a kò gbà á láyè kí ó bá atẹ́gùn lọ. Inú ọ̀nà tí a sé pa ni ó ti ń yí kiri. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó ń fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an. Yóò wá gba inú kọ̀ńdẹ́ńsà tí ó wà níwájú rẹdiétọ̀, níbi tí atẹ́gùn òde ti ń gba ooru ara rẹ̀ tí ó sì ń di olómi. Yóò gba inú díráyà kọjá, níbi tí àwọn hóró kan ti ń fa ọ̀rinrin mu kúrò lára rẹ̀, kí ó tó dé ẹnu fáàfù kan tí ihò rẹ̀ há gan-an. Bí ó bá ti bọ́ sí òdì kejì ihò yìí, àyè gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó lójú ẹsẹ̀, ó sì ń di oru. Ooru inú ọkọ̀ ni ó fi ń hó. Kúlíǹ-kọ́ìlì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ibi tí ó ti ń hó yìí, ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù lọ́hùn-ún ni wọ́n sì ń fi í pa mọ́ sí. Gáàsì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn ní Èkó ni wọ́n ń pè ní R-134a. Bí ó bá bọ́ sí ìta gbangba, ìwọ̀n 26 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń hó. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ènìyàn jẹ́ kí ó ta sí òun lójú.

Ọkọ̀ tókúńbọ̀ ni tèmi. Láàárín oṣù mẹ́rin péré, ìgbà mẹ́ta ni mo ra gáàsì sí i, ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe é. Ọmọkùnrin kan a mú họ́ọ̀sì, a so ó mọ́ ẹnu páìpù, a gbọn sílíńdà, a wo géèjì, a ní kí n tan ẹ̀rọ. Atẹ́gùn tútù a fẹ́ sí mi lójú. Mo sanwó, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní í pé tí afẹ́fẹ́ a tún fi máa gbóná bọ̀. Ní ìgbà kẹta tí mo fi ẹjọ́ sùn, ẹni tí ó ta á fún mi sọ pé bí ó ti máa ń rí nìyẹn, pé gáàsì a máa tán bí epo ti ń tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo ń jóná, ó sì ń di èéfín. Gáàsì kì í jóná, kì í sì í gbó. Bí kò bá sí nínú ẹ̀rọ mọ́, ó gba ibì kan jáde ni. Mo rántí àwọn ọmọ tí a ń fún ní ẹ̀kọ́ àfikún ní ọdọọdún kí ìdánwò tó dé, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè rí bóyá ojú ni kò ríran dé ara pátákó, tàbí ebi ni wọ́n ń gbé wá sí kíláàsì.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti bá ẹni tí ó tún un ṣe pàdé. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ni, ìwé rẹ̀ kò jù ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n ó ní ìwé àjákọ kan tí ó ń kọ ohun gbogbo sí. Mo ní kí ó bá mi fi gáàsì kún un.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ni ó wí, "n kò ní ta gáàsì fún yín."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Bí mo bá tà á fún yín lónìí, ẹ ó padà wá bú mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà wo ni ẹ rà á kẹ́yìn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ǹjẹ́ ó máa ń tutù ní òwúrọ̀ kí ó tó gbóná ní ọ̀sán? Ṣé bí ọkọ̀ bá ń sáré ni ó ń tutù jù ni, àbí bí ó bá dúró? Ṣé ó gbóná díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ púpọ̀ ni, tàbí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà? Ta ni ó ti tú u wò kí n tó dé ọ̀dọ̀ òun? Gbogbo ìdáhùn mi ni ó kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé géèjì olójú méjì jáde, ojú pupa fún apá tí gáàsì ti ń le, ojú búlúù fún apá tí ó ti ń rọ̀, ó sì so wọ́n mọ́ ọkọ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì rárá.

Ohun tí ó fi hàn mí níbẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí gáàsì olómi bá ṣì kù nínú ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ojú kan náà ni géèjì yóò dúró sí bí ẹ̀rọ bá ń sinmi. Ooru ọjọ́ náà nìkan ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí ọjọ́ bá mú dé ìwọ̀n 30, ó yẹ kí R-134a kà tó nǹkan bí 97, ìyẹn ìwọ̀n pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí géèjì rẹ̀ kà 97 kò tíì lè sọ bóyá gáàsì kún tàbí ó ku ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ó bá kà kéré sí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sí olómi kankan mọ́, oru lásán ni ó kù. Tèmi kà 35. Gáàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ti so géèjì mọ́ ọn, tí wọ́n sì rí nọ́ńbà tí ó jọ èyí kí wọ́n tó fi kún un.

Ó wá tan iná ìléwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo oríkèé páìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òróró tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń lò a máa bá gáàsì rìn. Níbi tí gáàsì bá ti jáde, òróró díẹ̀ a bá a jáde, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Eruku ọ̀nà Ìgàndó kì í ṣàfẹ́rí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Ó wo ojú kọ̀ńdẹ́ńsà bóyá òkúta títì ti bà á; ó wo ìdí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ níbi tí irin rẹ̀ ti ń yí; ó wo àwọn rọ́bà róbótó tí ó wà láàárín páìpù kan sí èkejì. Òróró díẹ̀ wà ní ẹnu ibi tí a ń gbà rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ. Ó gbọn ọṣẹ olómi sí i, èépá kékeré kan sì yọ. Mo ní, "A ti rí i." Ó mi orí. Ó ní lóòótọ́ ni ó ń jò, ṣùgbọ́n irú èyí lè jò fún ọdún kan kí ó tó tán, kò lè gbé gáàsì lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó pààrọ̀ fáàfù kékeré ẹnu ibẹ̀ tí kò gba owó púpọ̀, ó sì ń wá èkejì lọ.

Náítírójìn ni ó fi wá a. Ó tú ìwọ̀nba gáàsì tí ó kù sínú sílíńdà kan, ó ti náítírójìn sínú ẹ̀rọ títí géèjì fi kà 150, ó sì ti ẹnu rẹ̀ pa. Mo bi í pé kí ni kò fi lo afẹ́fẹ́ lásán bíi ti àwọn tí ń fẹ́ táyà. Ó ní afẹ́fẹ́ ń gbé omi wọ inú ẹ̀rọ, omi sì ni ọ̀tá ibẹ̀. Ìyẹn ni kí á má tilẹ̀ sọ ti àwọn tí ń fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wẹ́ídà ṣe é, nítorí ọ́síjìn àti òróró bí wọ́n bá pàdé nínú ìfúnpọ̀ lè bú gbàù. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, abẹ́rẹ́ géèjì ti wálẹ̀ sí 138. Ó tún gbọn ọṣẹ sí gbogbo oríkèé tí ojú lè rí. Kò sí èépá. Ó wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fi ọṣẹ pa ẹnu họ́ọ̀sì tí omi ń gbà kán sílẹ̀, ìyẹn họ́ọ̀sì tí ẹlẹgbẹ́ mi ti fẹ̀sùn kàn, a sì dákẹ́. Èépá bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ẹnu rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí ó lè máa mí jáde níbẹ̀ ju kúlíǹ-kọ́ìlì lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó o. Ó tú páìpù méjèèjì tí ó wọ inú kọ́ìlì, ó dí ẹnu wọn, ó sì tún ti náítírójìn sínú èyí tí ó kù nínú ẹ̀rọ. Wákàtí kan gbáko, abẹ́rẹ́ kò mira. Ìgbà yìí ni ó tó pa ìwé àjákọ rẹ̀ dé.

Bí a ti ń dúró de abẹ́rẹ́ géèjì yìí ni ó sọ fún mi pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ní Muṣin ṣáájú ọdún 1990, R-12 ni gbogbo ọkọ̀ ń lò, bí wọ́n bá sì fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, wọn a kàn tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa sú fìì lọ sókè, àwọn ọmọ iṣẹ́ a sì máa na ọwọ́ sí i nítorí ìtutù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn ohun tí ó ń ṣe lókè. Ní ọdún 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ ọ́ pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń gòkè lọ ba ìpele ozone jẹ́, èyí tí ń dáàbò bo ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ó léwu. Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìpele náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè Antarctica. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal láti dín àwọn gáàsì wọ̀nyí kù. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1988. Molina, Rowland àti Paul Crutzen gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 1995 fún iṣẹ́ yìí. Báyìí ni R-134a ṣe gba ipò R-12 nínú ọkọ̀.

R-134a kò ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ́ tónítóní. Bí ìwọ̀n kan rẹ̀ bá bọ́ sí òfuurufú, ooru tí yóò dá dúró láàárín 100 ọdún tó nǹkan bí ìlọ́po 1,400 èyí tí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ carbon dioxide ń dá dúró. Ní ọdún 2016, ní Kigali ní ilẹ̀ Rùwáńdà, wọ́n fi irú rẹ̀ kún àwọn tí a ó máa dín kù, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ìyẹn náà ní ọdún 2018. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó, mo fi kálámù ṣe ìṣirò tèmi. Bí ọkọ̀ mi bá ń gba ìdajì kílò gáàsì, ohun tí ó tó 700 kílò carbon dioxide ni ó ń bá ihò yẹn lọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá tán. Ẹni tí ó bá jó lítà epo bẹntiróòlù kan tú èyí tí ó lé díẹ̀ ní kílò méjì sí afẹ́fẹ́. Gáàsì ìgbà kan ṣoṣo nínú mẹ́ta tí mo rà yìí tó 300 lítà epo, kò sì gbé mi dé ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ owó wá délẹ̀. Kọ́ìlì tuntun, díráyà tuntun, rọ́bà, òróró, gáàsì àti iṣẹ́ ọwọ́, àpapọ̀ rẹ̀ ju ìdajì owó oṣù mi lọ, owó àjọ tí mo fẹ́ gbà ní oṣù náà sì ti ní iṣẹ́ tí mo yà á sọ́tọ̀ fún, owó ilé ni. Mo bèèrè bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní ọ̀nà pọ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ láti dí ihò; ó lè dí ihò náà, ó sì lè dí fáàfù àti díráyà mọ́ ọn, ẹni tí ó bá sì tún fi géèjì kàn án lẹ́yìn náà, géèjì rẹ̀ lè bàjẹ́. Kọ́ìlì tókúńbọ̀ wà ní Ládípọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ tí ó ti gbó bíi tèmi ni wọ́n ti yọ òun náà. Àwọn kan tilẹ̀ ń rọ gáàsì ìdáná sínú rẹ̀. Ó tutù dáadáa o, kò ṣe é jiyàn. Kìkì pé ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù ni ihò wà, bí gáàsì ìdáná bá sì jò níbẹ̀, inú ibi tí ènìyàn jókòó sí ni yóò kún. Èyí tí ó burú jù ni gáàsì ayédèrú. Ní ọdún 2011, àwọn àpótí ẹrù tí ń mú ẹrù tutù nínú ọkọ̀ ojú omi bú gbàù, wọ́n sì pa ènìyàn, nítorí pé wọ́n ti fi gáàsì kan tí ń bá irin alumíníọ́mù jà rọ́pò R-134a nínú wọn.

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà; a ṣí fèrèsé lọ, a sì lo ẹ̀rọ ìfasímú ìkọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo bẹ onílé mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Onílé Èkó kì í gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kíákíá, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀.

Odindi ọjọ́ kan ni ó gbà láti tú dáṣíbọọ̀dù. Bí ọmọ iṣẹ́ ti ń yọ bóòtù ni ó ń tò wọ́n sínú àwo ẹyin bí wọ́n ti jáde tẹ̀lé ara wọn, kí ó má ba à ṣe àṣìdá wọn. Nígbà tí kúlíǹ-kọ́ìlì jáde, ìdọ̀tí dúdú bo ìdajì ojú rẹ̀. Ewé ni. Ọ̀gá tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì nawọ́ ewé kan sí mi tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì gùn bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, irú èyí tí n kò rí lára igi kankan ní Alímọ̀ṣọ́. Láti òkè òkun ni ó ti bá ọkọ̀ náà wá. Ó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi tí ń sun ní ara kọ́ìlì láti ọdún mélòó kan, ó ń jẹra, ó sì ń jẹ irin alumíníọ́mù díẹ̀díẹ̀, títí irin fi lu.

Nígbà tí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, gáàsì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ̀rọ fákúùmù ni wọ́n so mọ́ ọn, tí ó ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú 45. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà. Bí ìfúnpọ̀ bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi kò nílò iná mọ́ kí ó tó hó. Ooru ojú ọjọ́ lásán ti tó o, a di oru, a sì bá afẹ́fẹ́ jáde. Bí omi bá ṣẹ́kù, ó lè di yìnyín ní ẹnu fáàfù, ó sì lè di ásíìdì tí yóò máa jẹ inú ẹ̀rọ. Wọ́n pa fákúùmù, wọ́n dúró fún ààbọ̀ wákàtí láti rí i bóyá abẹ́rẹ́ yóò gòkè. Kò gòkè. Ọ̀gá wá wo ìwé pélébé tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé sílíńdà lé orí òṣùwọ̀n, ó sì wọn iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an, nítorí gáàsì tí ó bá pọ̀ jù náà kì í jẹ́ kí ó tutù. Kò gbọn ọwọ́ wò, kò sì fi ojú díwọ̀n. Ó ti tẹmómítà bọ ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kà 8.

Nígbà tí mo sọ fún un pé amọ́kọ̀tutù ni orúkọ ohun tí ó tún ṣe, ó ní kí n tún un pè. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé orúkọ oyè ènìyàn kan ni. Ọ̀gá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ rẹ̀ láìsí àmì ohùn, mo bá a fi àmì sí i.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo padà lọ ní ìgbà méjì kí ó lè so géèjì mọ́ ọn, kò sì gba kọ́bọ̀ fún un. Ìyá mi ti ń mú ìborùn dání bí a bá ń lọ sí Ìgàndó, wọ́n ní òtútù inú ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù.

Mo gba kúlíǹ-kọ́ìlì àtijọ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì gbé e fún olùkọ́ físíìsì ilé-ìwé wa. Ó dí ẹnu rẹ̀ kan, ó fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹnu kejì, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà kejì sì rì í sínú bàsíà omi. Wọ́n ń wá ihò kan. Mẹ́ta ni wọ́n rí, méjì sún mọ́ ara wọn ní ibi tí ewé ti pọ̀ jù, ìkẹta ní igun kan tí ó mọ́ tónítóní tí kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, olùkọ́ físíìsì àti èmi kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó fa ìyẹn.